Ojú Bàbá Hasanat Nínú Àwọ̀n Àna

Ẹ má sọ pé kí n jókòó, ọkọ mi, mi ò jókòó, ìjókòó tí mo jókòó sáàárín àwọn àna wa lánàá ti tó mi títí ayé. Àbúrò ọkọ mi lẹ jẹ́, mo mọ̀, ẹ ti wà nílé kí wọ́n tó mú mi wọlé, ṣùgbọ́n lónìí ni mo mọ̀ pé kéèyàn má lè bú ọkọ ẹni, ìyà ni.

Fídáù tí a ṣe fún bàbá Hasanat lọ́dún tó kọjá, ta ló ní kí á tẹ fọ́tò wọn sára ọ̀rá tí a fi pín ẹ̀bùn? Mo ní kí á pín abọ́, ẹ ní rárá, pé kí ojú ẹ̀gbọ́n yín lè wà nílé oníkálukú. Ó dáa. Àwọn ọ̀rá tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Ẹ ní ẹ ti bá mi palẹ̀ wọn mọ́. Mo dúpẹ́, mo tún kúnlẹ̀ dúpẹ́, àṣé orí afárá Ọ̀ṣun lẹ dúró sí tí ẹ dà wọ́n sómi.

Lánàá làwọn àna wá láti etí òkun, wọ́n wá tọrọ Hasanat. Apẹja ni bàbá ọkọ ọmọ wa, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. A jẹ, a mu, a ṣàdúà. Ni wọ́n bá fa ìnujú funfun yọ lápò, wọ́n tú u, wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sórí tábìlì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a gbẹ. Ojú bàbá Hasanat ni. Fìlà tí wọ́n dé ti Mẹ́kà bọ̀, ẹ̀rín yẹn gan-an, orúkọ ilé wa nísàlẹ̀. Wọ́n ní, “Àna wa, bàbá ti ṣáájú yín wá kí wa. Inú àwọ̀n la ti rí wọn.”

Ikú yá ju ẹ̀sín, ọkọ mi. Wọn ò bínú o, ìyẹn gan-an ló pa mí. Wọ́n ní àwọn ò lè sọ ojú àgbàlagbà nù, àwọn ń tọ́jú rẹ̀ láìmọ ẹni tó jẹ́, títí Hasanat fi fi fọ́tò bàbá rẹ̀ han àwọn. Wọ́n tún ń bẹ̀ mí, èmi, pé kí n má bínú pé iyọ̀ òkun ti bó wọn létí.

Wọ́n ní Ọ̀ṣun ń lọ sínú ọ̀sà, ọ̀sà ń lọ sínú òkun, ohun tí àwa ará òkè bá jù nù, ẹnu ọ̀nà wọn ló ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n á fa àwọ̀n títí apá á fẹ́ẹ̀ já, wọ́n á rò pé ẹja ni, ọ̀rá ni. Wọ́n á la inú ẹja, ọ̀rá náà ni. Wọ́n ní òkun ni oko àwọn, bó bá kú, níbo ni kí àwọn ro? Èmi tí mo ń sọ fún Hasanat pé kó lọ kọ́ àwọn ẹlẹ́ja ní ìmọ́tótó, ojú wá tì mí. Ọmọ náà dìde nílẹ̀, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ di ìsinsìnyí.

Ẹ̀bẹ̀ kan péré ni wọ́n bẹ̀, pé ká má pín ọ̀rá níbi ìgbéyàwó. Mo ní mo gbà. Orí yín ni mo fi búra, ọkọ mi. Ohun tí mo bá wá nìyẹn, kí ẹ bá mi lọ sétí òkun ní Sátidé, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Kí lẹ ń fi agbádá bò lẹ́yìn àga yẹn? Páálí kí ni? Ẹ ò tíì fẹ́ kí n rí i? Ẹ sún.

Háà. Hasanat àti ọkọ rẹ̀. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán, páálí kún dẹ́múdẹ́mú, ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín sí mi lára ọ̀rá. Ọkọ mi, bàbá rẹ̀ kú tán kó tó wọ omi. Ọmọ yìí ṣì ń mí. Ẹ gbé páálí yẹn rù mí, mò ń gbé e lọ sílé.