Ọwọ́ Tonton Salifou Kò Sàn

Tata Adjara, ẹ jókòó kí n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá sá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò ní ogún ọdún. Lọ́la ni Tonton Salifou, ọkọ yín, fẹ́ padà sórí alùpùpù wọn, sẹ́nu iṣẹ́ zém tí wọ́n fi ń gbé èrò. Èmi Chadia tí ẹ tọ́ dàgbà nílé yìí ò lè bo irọ́ mi mọ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ rántí géèmù ìbọn tí mo gbé dé láti Parakou nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ojú ẹni tó ń yìnbọn lèèyàn fi ń wo nǹkan nínú ẹ̀. Ìbọn nìkan ló ń yọ níwájú ẹni. Mánẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnnì téèyàn ń fìka tẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń ṣe é. Mo ní rárá o, apá lèèyàn á máa gbé. Mo fi rọ́bà so tẹlifóònù mọ́ igi, pé ibi tí igi bá kọjú sí ni kí ìbọn inú tẹlifíṣọ̀n kọjú sí.

Iṣẹ́ náà sú mi, Tata! Oṣù mẹ́ta gbáko! Tí mo bá gbé igi sí ọ̀tún, ìbọn á kọ́kọ́ dúró ronú. Tí mo bá dáwọ́ dúró, á máa gbọ̀n. Farid àbúrò mi á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ibà ń ṣe ìbọn yìí ni?" Ó ń ṣe mí bíi kí n fi igi náà gbá a létí.

Tonton nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí ẹ̀gbà ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọn ò lè gbé ife omi kó má dà sílẹ̀. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Chadia, gbé ìbọn mi wá." Wọ́n á fi ọwọ́ náà yìn ín, á ba ògiri. Wọ́n á gbé igi kalẹ̀.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo kọ ìlà mẹ́rin sínú géèmù náà: bí ọwọ́ bá ti sún mọ́ ọ̀tá, kí ìbọn fúnra ẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Àánú wọn kọ́ ló ṣe mí o! Wàláì, mo kàn fẹ́ kí wọ́n sọ pé iṣẹ́ mi dáa ni. Lọ́jọ́ kejì, Tonton pa ọ̀tá mọ́kànlá, wọ́n bú sẹ́kún. "Alihamudulilahi! Ọwọ́ mi ti sàn!" Ẹ̀yin náà gbá mi mọ́ra, ẹ ṣàdúrà fún mi. Ẹnu mi wà níbẹ̀, mi ò là á. Mo tún ya fídíò, mo gbé e síta pé géèmù mi wo ọwọ́ tó rọ sàn. Òpònú ni mí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé alùpùpù jáde. Tata, ọwọ́ ọ̀tún ni bíréèkì wà! Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń juwọ́ sí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Goro, màlúù já sọ́nà, Tonton ṣubú. Ẹ̀yin ní àmúwá Ọlọ́run ni. Tonton ní yanrìn ló yọ̀. Irọ́ ni, ọwọ́ wọn ò lágbára láti tẹ bíréèkì ni. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lánàá, mo pa ìlà mẹ́rin náà rẹ́, mo gbé igi fún wọn. Wọ́n yìn ín títí, wọn ò ba nǹkan kan. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n na igi náà sí mi, wọ́n ní, "Dá ìlà mẹ́rin náà padà."

"Tonton, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́. Dá a padà bó ṣe wà. Má sọ fún tata ẹ."

Mo dá a padà. Ọ̀tá mẹ́sàn-án ni wọ́n pa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ forí jì mí, Tata. Bí ẹ ò bá sì lè forí jì mí, ẹ bínú sí mi tó bá yá. Abẹ́ ìrọ̀rí Tonton ni kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wà. Ẹ lọ mú un kí wọ́n tó ti mọ́ṣáláṣí dé.