Ojú Bàbá Mi Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fíìmù

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí mi, mi ò sì lè dákẹ́ mọ́.

Òṣèré ni mí, Bàríga ni mò ń gbé. A ya eré ayé àtijọ́ kan ní Fọlá Àgòrò, nípa ọkùnrin méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí wọ́n jọ ń ṣe fíìmù, tí ìjọba fòfin dè wọ́n títí wọ́n fi di ẹni ìgbàgbé. Èmi ni mo ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gé fíìmù wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà láyé, Alàájì kan ní Ọbaníkòró. Kò dárúkọ ẹnì kejì fún wa rárá. Ó ní, "Ó níyàwó, ó lọ́mọ." Fíìmù kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ ló yá wa. Nínú eré, kí n kàn gbé e wò ni, òmíràn tí kò wúlò ni màá gé. Ṣọlá tó ń tọ́jú ẹrù eré ló gbé méjèèjì síwájú mi.

Mo gbé ti Alàájì sókè síná. Bàbá mi ni mo rí, díákónì tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú kó tó kú. Ó gbórí lé èjìká Alàájì, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn.

Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni wọ́n pè? Ìyá mi ṣì wà láyé, ẹ jọ̀ọ́. Mo gé ojú bàbá mi, mo fi sápò.

Nígbà tí ariwo ta, mo ní Ṣọlá ló gbé e fún mi ní àṣìṣe. Ọmọ náà búra títí. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Alàájì ò bínú. Ẹnu mi ló ń wò. "Ọmọ ta ni ẹ́?" Mo parọ́ fún un. Èmi náà léjí, mi ò sì rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí. Ó ní ojú òun ti ń fọ́, òun ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun, kí òun ṣáà rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo dá a lóhùn pé mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá dá a padà, Ṣọlá á bọ́ nínú ẹ̀sùn, ìyá mi á sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó pa orúkọ wa mọ́ láti ọjọ́ yìí wá ni mo jà lólè. Kí ni kí n ṣe, kí ojú rẹ̀ tó fọ́ tán?