Bí Alága Aristarco Ṣe Fipò Sílẹ̀ Gan-an

Ẹ̀yin onípìn-ín, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó ń wá àga rí àga. Wọ́n ti sọ fún yín pé Tomasa Berdugo ti darúgbó, pé ó fẹ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Òótọ́ ni, ìwé mi rèé lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí Nohora akọ̀wé wa tó gbà á, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí. Dókítà ti wo àyà mi, ó ní ohun tí mo bá fẹ́ sọ, kí n má fi dúró de ọdún Kánífà.

Àwọn àgbà inú yín rántí Aristarco Pumarejo, alága wa, bàbá bàbá Nohora. Bí ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ sí mi, òun ló gbé ọmọ mi dání lọ́jọ́ ìsàmì. Èèyàn dáadáa, àmọ́ inú ẹ̀ ò pẹ́ ẹ́ bí. Bí fáànù bá yára jù, ó ti fipò sílẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, "Ẹ gbé bírò wá!" Á kọ ọ́, á fọwọ́ sí i, á jù ú sórí tábìlì, á bá tiẹ̀ lọ. Olùdarí ni mí, èmi náà sì ni akọ̀wé nígbà yẹn. Mo kàn máa ń ti ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ ni, torí ìwé tí ilé iṣẹ́ ò tíì lu òǹtẹ̀ sí, ẹni tó kọ ọ́ lè gbà á padà. Tó bá di àárọ̀, Aristarco á gbé súìtì àgbọn wá fún mi. "Àbúrò, ìwé mi dà?" "Ìwé wo?" A ó jọ rẹ́rìn-ín, á fà á ya. Ó fipò sílẹ̀ títí súìtì fi jẹ eyín mi tán.

Ìgbà tó yá, àwọn kan dé láti Bogotá, wọ́n fẹ́ ra ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò wa yìí. Ẹlẹ́rìndòdò kọ́ ni wọ́n ń wá o, ilẹ̀ etí òkun ni, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́ kọ́. Olùdarí márùn-ún ni wá: méjì fẹ́ tà, àwa méjì ò fẹ́, ó ku ìbò Aristarco. Mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àdúgbò yìí ló ń jẹun níbí." "Tomasa, ó ti rẹ̀ mí. Lọ́la la máa dìbò, màá ní kí wọ́n tà á." Bí ìbò bá sì jọra, títà ò sí. Àga kan péré ni mo nílò kó ṣófo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a wà nípàdé, àkàrà àgbàdo ẹlẹ́yin dé iwájú alága. Ó gé e jẹ. Ó tutù bí imú ajá. "Ṣé òkú lẹ̀ ń bọ́ ni? Èmi alága? Ẹ gbé bírò wá!" Ó kọ ọ́, ó jù ú, ó jáde. Kó tó dé géètì, mo ti mú òǹtẹ̀. Gbàm!

Láàárọ̀, ó dé pẹ̀lú súìtì. "Àbúrò, ìwé mi dà?" "Ẹ̀gbọ́n, a ti gbà á." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo fi òǹtẹ̀ hàn án. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. "Tomasa. Èmi tí mo gbé ọmọ ẹ dání." Mo ní ọwọ́ mi ló ṣèèṣì. Irọ́! Ó gbé súìtì kalẹ̀, ó lọ, kò sì wọ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́ títí tó fi kú. Ìbò di méjì sí méjì. Wọn ò rí i tà.

Ẹ ń pàtẹ́wọ́? Ẹ dúró ná, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ta ló ra àkàrà? Èmi ni. Gbígbóná fẹlifẹli ni Ubaldina aláàkàrà dín wọn fún mi. Èmi ni mo tì wọ́n sáàárín yìnyín níbi tá à ń kó ìgò sí, èmi ni mo ṣa èyí tó tutù jù síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ ọkùnrin yẹn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ara ẹ̀.

Ṣé mo kábàámọ̀? Ẹ gbọ́ bí ìgò ṣe ń dún lẹ́yìn ògiri yẹn. Mo fi yangàn, mi ò ní parọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Súìtì yẹn ló ń dùn mí. Mi ò lè jẹ ẹ́, èèrà ló jẹ ẹ́. Ó yẹ kí n sáré tẹ̀ lé e, kí n jẹ́wọ́, kó bú mi bó ṣe mọ̀ ọ́n bú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ nípò, ẹ bá a jà lójú ẹ̀. Ẹ má fi oúnjẹ dẹ ẹ́.

Nohora, dárí jì mí lórúkọ bàbá bàbá ẹ. Gba ìwé mi. Lù ú ní òǹtẹ̀ báyìí, lójú gbogbo èèyàn. Mo mọ ara mi: tó bá fi di àárọ̀ ọ̀la, màá ti gbé súìtì àgbọn dé.