Orúkọ Gígùn Tó Wà Lọ́rùn Ìbùkún

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ dúró sójú kan láàárọ̀ yìí, ayọ̀ ni.

Èmi ni Ìyá Ìbùkún, Ijoko là ń gbé. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ yìí, a rí i pé ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, apá òsì nìkan ló sì máa ń wò. Nígbà tí mò ń wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi ba kókó kan lọ́rùn rẹ̀. Háà! Mo gbé e, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó pe orúkọ kan tó gùn bí ọ̀nà Abẹ́òkúta, ó ní ká lọ rí fisió, àwọn tó ń fi ọwọ́ tọ́jú iṣan. Orúkọ yẹn ni mo rù wálé. Mo fẹ́ pè é, ahọ́n mi ń lọ́. Mo ní àìsàn tí orúkọ rẹ̀ gùn tó báyìí, ó máa pa ọmọ mi ni! Ọkọ mi ti ibiṣẹ́ rẹ̀ ní Sàngó dé, ó bá mi nínú ẹkún. Ó ní, "Dìde, Ìyá Ìbùkún. Ọlọ́run tó dá ọrùn mọ orúkọ rẹ̀." A kúnlẹ̀, a gbàdúrà.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe! Obìnrin ọlọ́yàyà ni fisió tí a bá. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló ń bà yín lẹ́rù?" Mo na ìwé dókítà sí i, mo ní orúkọ àìsàn tó wà níbẹ̀ yẹn ni. Ló bá rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe àìsàn o, orúkọ iṣan ni. Ẹ jẹ́ ká gé e wẹ́wẹ́. Sítánò, eegun àárín àyà. Kiláídò, eegun tó dábùú lọ sí èjìká. Másítọ́ìdì, kókó eegun ẹ̀yìn etí. Ibi tí iṣan náà so mọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin náà ní in!"

Ó gbé ọwọ́ mi sọ́rùn ara mi, ó ní kí n yíjú. Iṣan náà yọ sí mi lọ́wọ́! Sítánò-kiláídò-másítọ́ìdì! Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rù fò lọ.

Ti Ìbùkún kàn súnkì ni, òun ló ṣù di kókó yẹn. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa na ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mò ń nà án, mò ń gbàdúrà. Nígbà mìíràn ọmọ á ké, èmi náà á ké.

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ó wà lórí ẹní. Bàbá rẹ̀ gba apá ọ̀tún wọlé, ó ní, "Ìbùkún!" Ọmọ mi yí ọrùn pátápátá, ó wo bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín! Dádì ju báàgì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Ọlọ́run.

Ẹ wò ó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó ń wo gbogbo yín kiri! Ògo ni fún Olúwa. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bọ́ síta, ẹ wá bá mi jó!