Òòlù Tí Ojú Rẹ̀ Pé Jù

Adájọ́ ti kà á sí mi létí pé kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dà á nù. Mo ti fi ẹsẹ̀ wọn yàrá tí wọ́n tì mí mọ́: ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ní gígùn, méje ní ìbú. Iṣẹ́ ìwọ̀n ni mò ń ṣe kí n tó di apànìyàn.

Kíláàkì ni mí ní sọ́míìlì kan ní Ìbàfò. Èmi ni mò ń fi téèpù wọn gẹdú tíìkì tí wọ́n ń kó wá láti igbó ọba ní apá Ìfọ̀, kó tó lọ sókè òkun. Mówé ni mò ń gbé pẹ̀lú Fèyíṣọlá, ọmọ mi kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí. Láràárọ̀, èmi ni mò ń mú un sọdá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ sílé ìwé. Ọrùn ọwọ́ ni mo máa ń dì mú, nítorí àtẹ́lẹwọ́ máa ń làágùn, ó sì lè yọ̀.

Iye gẹdú tí orílẹ̀-èdè méjì ń rà lọ́wọ́ wa ni mo yà sára ògiri ọ́fíìsì: òpó pupa fún Ítálì, òpó àwọ̀ ewé fún Íńdíà, lọ́dọọdún. Lọ́dún tí mo débẹ̀, ti Ítálì ló ga jù. Nígbà tó yá, tirẹ̀ ń kúrú, ti Íńdíà ń ga, títí ó fi gorí rẹ̀ kọjá. Inú mi ń dùn sí ilà tí mo fà náà.

Ṣùgbọ́n gẹdú kankan kò gbọdọ̀ lọ láìjẹ́ pé aṣọ́gbó ìjọba ti fi òòlù tẹ àmì pupa sí ìdí rẹ̀, láti fi hàn pé ìjọba gbà kí wọ́n gé e.

Ọ̀gá mi ní, “Kíláàkì, jẹ́ kí òpó rẹ yìí ga sí i.”

“Ọ̀gá, gẹdú tó lámì ti tán.”

“Gẹdú ò tán nínú igbó, àmì ló tán. Bí ọkọ̀ ojú omi bá lọ láìgbé tiwa, mo máa ti ibí pa, kóníkálukú máa lọ ilé ẹ̀.”

Mo ro ti ọmọ mi. Mo kọ gẹdú kan ṣoṣo tí kò lámì sílẹ̀ pé ó lámì. Kò sẹ́ni tó bi mí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo mú àwòrán àmì náà, tí mo ti fi pẹ́ńsù yà sórí bébà fún ìwé ọ́fíìsì ní ọdún méjì ṣáájú, lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ní Ìfọ̀. Ó rọ òòlù kan fún mi tó ní àmì náà lójú, láìfi ibì kan sílẹ̀.

Bàbá Múfútáù ni aṣọ́gbó wa. Àgbàlagbà ni, aláwàdà sì ni. Lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀ kan, ó ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ pẹ̀lú fìlà funfun, ó bá mi nídìí gẹdú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ àmì sí; mo yára fi òòlù pamọ́ sẹ́yìn mi.

“Kíláàkì alátéèpù, ṣé o ti wọn ìyàwó tuntun ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ àmì ìdí gẹdú kan. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀.

“Ta ló tẹ èyí?”

“Ẹ̀yin ni, bàbá.”

“Èmi kọ́. Òòlù mi bọ́ lu òkúta lọ́dún tó kọjá, etí kan lójú rẹ̀ ti kán. Tèyí pé jù.” Ó mí kanlẹ̀. “Ọmọ mi, tẹ̀ lé mi lọ sí ọ́fíìsì àwa aṣọ́gbó, kó o fẹnu ara ẹ sọ ọ́. Màá bá ẹ bẹ̀ wọ́n.”

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ. Mo rò ó pé: bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ta ni yóò máa mú Fèyíṣọlá sọdá? Òòlù wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi lù ú lórí; kò dìde mọ́.

Mo ju òòlù náà sínú kànga. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ nígbà tí mo fi lu bàbá. Àmì pupa náà hàn lára fìlà funfun, gbogbo etí rẹ̀ pé. Alágbẹ̀dẹ rí i ní kóòtù, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Kì í ṣe Ítálì, kì í ṣe Íńdíà, ló gbé òòlù lé mi lọ́wọ́; èmi fúnra mi ni.

Fèyíṣọlá wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Àgbàdo. Ó kọ̀wé sí mi: “Dádì, ẹ má bẹ̀rù. Mo ti ń dá sọdá ojú rélùwéè fúnra mi. Mo máa ń wo ọ̀tún, mo máa ń wo òsì.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ kọ “ó wà” síwájú ohun tí kò sí, ìbáà ṣe ẹyọ kan, ẹ gbé bírò sílẹ̀. Ẹ jáde níbẹ̀ ní ọwọ́ òfo, kí ọwọ́ yín lè ṣẹ́ kù láti fi di ọmọ yín mú.