Súwẹ́tà Tí Bàbá Mi Kò Tíì Hun Ọrùn Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Nǹkan kan wà nínú mi tó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kankan. Mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì níbí rí, tí mo ń mi orí, tí mo ń sọ pé, irú èèyàn wo rèé? Ó ti wá kàn mí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lásìkò yìí ni pé a kò rí oòrùn ní Sókótó láti ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tí kò bá gbé ibí kò lè mọ bí ọyẹ́ ibí ṣe rí. Eruku á bo ojú ọ̀run pátápátá, aago méjì ọ̀sán á dà bí ìrọ̀lẹ́, ètè á máa là, a ó sì máa tan iná nínú ilé lọ́sàn-án gangan. Irú ọjọ́ báyìí ni bàbá mi kú. Irú ọjọ́ báyìí náà ni àbúrò mi obìnrin pè mí lórí fóònù lánàá, tó bi mí ní ìbéèrè kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin bàbá mi díẹ̀ kí n tó ba ara mi jẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Sókótó ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ayé wọn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kofar Rini, súwẹ́tà ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ hun níbẹ̀: ti ọmọ iléèwé, ti arúgbó, ti ìkókó. Àwọn Hausa àdúgbò ń pè wọ́n ní Baba mai rigar sanyi, ìyẹn Bàbá aláṣọ òtútù. Ìyá wa ti kú nígbà tí a wà ní kékeré, èmi àti Sẹ̀kínà àbúrò mi, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni a dàgbà sí, láàárín òwú.

Ọjọ́ tí eruku bá bo oòrùn, tí gbogbo èèyàn fajú ro, ọjọ́ yẹn gan-an ni ara bàbá mi máa ń yá jù. Wọ́n á tan gílóòbù. Wọ́n á gbé kúnú tó ní atalẹ̀ kaná èédú. Wọ́n á wá kó gbogbo òwú pupa àti òwú aláwọ̀ ìyeyè síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní bí oòrùn ò bá fẹ́ jáde, ó kéré tán, ẹni tó ń kọjá á rí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn á béèrè bí òtútù ti rí lára wọn, "Baba, yaya sanyi?" Bàbá á ní òtútù ń ṣe tiẹ̀, àwọn náà ń ṣe tàwọn. Òwú tó bá ṣẹ́ kù, fìlà ni wọ́n ń fi hun fún àwọn mègáàdì àdúgbò. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n. Mègáàdì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Gidan Igwai ṣì ń dé tiẹ̀ di òní. Fìlà náà ti já létí, ọkùnrin náà kọ̀, kò jù ú nù.

Bàbá mi ò kàwé. Okùn òwú ni wọ́n fi ń wọn èèyàn. Wọ́n á ta kókó kan fún èjìká, òmíì fún apá, òmíì fún àyà, wọ́n á fi okùn náà kọ́ ìṣó lára ògiri. Okùn tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, wọn kì í sì í ṣì í mú. Ti Sẹ̀kínà ní kókó apá méjì, nítorí ó já bọ́ lórí igi dongoyárò nígbà tó wà lọ́mọdé, apá rẹ̀ òsì sì kúrú ju ọ̀tún lọ díẹ̀.

Bàbá ní òfin kan ṣoṣo. Wọn kì í hun ọrùn súwẹ́tà lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Wọ́n á hun ara àti apá tán, wọ́n á fi okùn funfun kó ojú òwú tó wà ní ibi ọrùn pọ̀ kó má baà tú, wọ́n á wá máa dúró dè ọ́. Ìgbà tó o bá dé, tó o wọ̀ ọ́ níwájú wọn, ni wọ́n á tó hun ọrùn rẹ̀ bí orí rẹ ṣe tóbi mọ. Wọ́n ní orí ò jọra, àwọn ò fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn pa. Tẹ́ ẹ bá ti rí súwẹ́tà tí kò lọ́rùn nínú ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ ti mọ̀ pé ẹnì kan wà tí Bàbá ń retí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibi tí mo sọ yìí.

Sẹ̀kínà ló mọ iṣẹ́ náà ju èmi lọ. Ọwọ́ òsì ló fi ń hun, ó sì yá bí nǹkan míì. Bàbá á máa wò ó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí n lè máa ràn wọ́n lọ́wọ́, èmi ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ń tì í. Wọn kì í wo èmi báyẹn. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí ni o.

Sẹ̀kínà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó jáde, ó sì rí iṣẹ́ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kalambaina, lápá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Àárín ọyẹ́ ni, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Níwájú àwọn oníbàárà ló ti sọ fún Bàbá pé òun ń lọ. Ó ní, "Bàbá, òwú yìí ló ń mú yín wúkọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pa yín. Èmi ò ní jókòó kó pa èmi náà."

Bàbá ò pariwo. Wọ́n ní, "Ó dáa. Má tún gbé ẹsẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń pa èèyàn."

Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn fún ọdún méjì. Àwọn méjèèjì lágídí bákan náà. Ṣùgbọ́n Bàbá ò yọ okùn Sẹ̀kínà kúrò lára ìṣó. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń gbálẹ̀ ni mo ń rí i.

Ikọ́ náà wá le. Wọn ò lè fa ẹ̀rọ mọ́, a gbé wọn sílé, èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Bàbá ò ní fóònù, tèmi ni fóònù ilé. Sẹ̀kínà á pè, á ní, "Àǹtí mi, báwo ni wọ́n? Ṣé kí n wá?" Èmi á ní, "Wọ́n wà dáadáa, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí wọn. Ní sùúrù." Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ọjọ́ kan tí mo bi Bàbá bóyá inú ń bí wọn.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́ tó gbẹ̀yìn ayé wọn, wọ́n ní kí n bá wọn mú okùn Sẹ̀kínà wá láti ṣọ́ọ̀bù, àti òwú tó láwọ̀ bí ọsàn, àti abẹ́rẹ́ gígùn méjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún. Wọ́n á hun ìlà mẹ́wàá, wọ́n á rí àṣìṣe kan, wọ́n á tú u, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. N kò rí ẹni tó níyì tó bàbá mi lójú mi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, síbẹ̀ mo ń jowú bí mo ṣe ń wò wọ́n. Èmi tí mo ń gbé agolo itọ́ fún wọn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi hun gbogbo tèmi.

Nígbà tí wọ́n hun ara àti apá tán, wọ́n fi okùn funfun kó ibi ọrùn pọ̀, wọ́n ká a, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní, "Gbé e fún un. Sọ fún un pé kó wá wọ̀ ọ́ lójú mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ bàbá mi á mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ yẹn.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà dé Kalambaina. Mi ò parọ́ níbẹ̀ yẹn, mo débẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ògiri iléèwé náà, mo rí Sẹ̀kínà láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ara mi, eruku ti bò mí, aṣọ mi ń rùn fún oògùn ikọ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé, òun tó lọ, òun náà ni wọ́n tún fi ọwọ́ hun èyí fún. Mo padà sílé pẹ̀lú súwẹ́tà náà lábẹ́ ìborùn mi.

Mo sọ fún Bàbá pé mo ti gbé e fún un, ó ní òun ń bọ̀.

Wọ́n kó abẹ́rẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kí "Salamu alaikum" níta, wọ́n á gbìyànjú láti dìde jókòó. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó dá ọjọ́?" Mo ní iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Kò burú. Èmi náà ni mo kọ́ ọ lágídí." Wọn ò ṣépè, wọn ò ráhùn. Wọ́n tún ń gbàdúrà fún un. Mo ń gbọ́ àdúrà náà.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí wọ́n gbé súwẹ́tà náà fún mi ni wọ́n kú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Kùrukùru eruku bo gbogbo ìlú. Kí Sẹ̀kínà tó dé láti Kalambaina, wọ́n ti gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Ó di apá mi mú, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé wọ́n dárúkọ mi?"

Mo ní wọn ò sọ nǹkan kan.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Sẹ̀kínà ò wọ súwẹ́tà mọ́ láti ọjọ́ náà. Nínú òtútù yìí, gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń fà bo èjìká lọ sí iléèwé. Bí oòrùn bá ti ń fara pa mọ́ lóṣù Kejìlá, ojú rẹ̀ á ṣú, kò ní fẹ́ jẹun, á máa sọ pé òun ló ba ọjọ́ ìkẹyìn Bàbá jẹ́. Èmi, ní tèmi, inú àpótí ni mo ń gbé súwẹ́tà náà sí. Lọ́dọọdún ni mo ń kó kááfúrà tuntun sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mo máa ń gbé e símú nígbà míì. Òórùn Bàbá kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Ìpè àná nìyí. Sẹ̀kínà ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ń gbọ̀n, nítorí náà òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun súwẹ́tà fún wọn, òun ti hun mẹ́rin. Ó ní ọwọ́ òsì òun ò tíì gbàgbé iṣẹ́ náà. Ẹ wo ọmọ tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, tó ń hun aṣọ fún ẹlòmíì. Bàbá ni mo rí nínú rẹ̀. Ó ní ibi ọrùn ni òun ti há, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kí n kọ́ òun bí Bàbá ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ṣé ẹ rò pé Bàbá á fẹ́ kí n fọwọ́ kan òwú?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo pa fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo mọ ọrùn hun. Mo lè hun tiẹ̀ tán láàárọ̀ ọ̀la, kí n sọ pé Bàbá ti parí ẹ̀ kí wọ́n tó kú, pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nísàlẹ̀ àpótí ni. Inú rẹ̀ á dùn, kò sì ní sí ẹni tó máa bi mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e fún un bó ṣe wà yìí, n kò tilẹ̀ ní láti la ẹnu. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn lòun náà dàgbà sí. Bó bá ti fojú kan okùn funfun, á mọ̀ pé Bàbá retí òun títí. Á wá wo ojú mi. Òun nìkan ni mo ní láyé nínú àwọn ará ilé bàbá mi, ẹ̀rù ń bà mí.

Mo fi abẹ́rẹ́ bọ ojú òwú méjì láàárọ̀ yìí. Mo tún yọ ọ́. Bàbá mi, ẹ forí jì mí.

Mo ti yí orúkọ àbúrò mi padà, ṣùgbọ́n òun ló fi ojú ìwé yìí hàn mí, òun náà máa ń kà á. Kò sí ẹlòmíì tó ní kókó apá méjì lórí okùn. Tó o bá kà á kí Sátidé tó dé, àbúrò mi, Bàbá dárúkọ rẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dárúkọ rẹ. Súwẹ́tà rẹ wà lórí tábìlì mi, kò tíì lọ́rùn.