Lẹ́tà Tí Mo Dáhùn Lórúkọ Màmá Edith

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi. Lẹ́tà kan tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Calgary, lọ́dún tí train ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò wa, Whitehorn. Basement Màmá Edith ni mò ń gbé. Ìyá òyìnbó arúgbó ni wọ́n, wọn ò bímọ, wọn ò ní ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní àbúrò. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà èmi ni mò ń ka lẹ́tà wọn, èmi ni mò ń kọ èsì.

Wọ́n gbọ́ pé baba ńlá àwọn kan gbé ní Maryland, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lórí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní, "Dear, I just want to know who my people are."

Mo kọ̀wé sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀dà ìwé tí ọkùnrin náà fi pín ogún rẹ̀ ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun dá ẹrú òun, Hannah, sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó bí fún òun. Ọmọkùnrin yẹn ni ìdílé Màmá Edith ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ní agboolé wa nílé, a kì í sọ ọ́ lójú ẹnìkan pé ọmọ ẹrú ni. Àgbà tó bá mọ̀ ọ́n á mú un lọ sí sàréè. Bàbá mi àgbà lé ọmọ ara rẹ̀ jáde nítorí ó sọ irú ẹ̀ nígbà ìjà. Mo wá sọ fún Màmá pé àgbẹ̀ ni baba ńlá wọn, pé Hannah ni ìyàwó rẹ̀. Inú wọn dùn gan-an.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin arúgbó kan ń wá ìwé yẹn náà, àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sì fún un ní àdírẹ́sì wa. Ó kọ̀wé. Ó fi fọ́tò rẹ̀ sí i, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi. Ó ní ọmọbìnrin Hannah ni òun ti ṣẹ̀ wá, pé òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ìbátan òun kan.

Màmá bi mí lọ́jọ́ náà bóyá lẹ́tà kankan wà. Mo ní, "Nothing today, Mama."

Mo dá obìnrin náà lóhùn pé ó ti ṣi ilé yà. Mo fọwọ́ sí i lórúkọ Màmá. Ẹ má bá mi pè é ní ọgbọ́n àgbà. Ẹ̀rù ló bà mí kí irọ́ mi má bàa tú.

Lóṣù tó kọjá, mo kọ òtítọ́ sí obìnrin náà. Ọmọ rẹ̀ ló fèsì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ń bèèrè bóyá Màmá ṣì wà láyé, bóyá òun lè wá kí wọn.

Mi ò bi yín bóyá kí n sọ ọ́. Mo máa sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, tí Màmá bá mu tíì àárọ̀ wọn tán, mo máa ka gbogbo lẹ́tà náà fún wọn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ Màmá. Wọn ò ní jẹ́ kí n kà á tán tí wọ́n á fi na ọwọ́ sí fóònù, tí wọ́n á ní kí n bá àwọn pe obìnrin arúgbó yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?